Oṣù Tí Kò Lé

Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alásàlátù ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa l'Ẹ́jìnrìn.
Ọdún ti yí, mi ò já a.
Báírò pupa ni mo fi ń yí ọjọ́ ká
nígbàkígbà tí àlejò mi bá dé.
Lẹ́yìn róbótó ti oṣù Ẹrẹ́nà,
kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi ìdọ̀tí eṣinṣin.

Oṣù ń lé lójú ọ̀sà,
tín-ín-rín bí èékánná,
àwọn ọmọdé á sáré jáde, wọ́n á máa juwọ́ sí i.
Mo dúró lójú fèrèsé, mo ní:
ìwọ lé. Tèmi ńkọ́?

Ìyá ọkọ mi ń bá mi kà á.
Ó ti ra ọṣẹ ọmọ, ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó ń wo ikùn mi bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò hó.
Oṣù kẹta, ó rẹ́rìn-ín. Oṣù karùn-ún, ó dákẹ́.
Oṣù keje, ó gbé ọṣẹ náà jáde, ó fi fọ aṣọ.
Kò wí nǹkan kan.
Ó kàn jókòó síwájú mi, ó ń fọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ni wàrà dé.
Mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó,
Jẹ́lílì ní, "Tíṣà, omi ta sí yín láṣọ."
Mo wo ara mi. Kì í ṣe omi.
Ọmú tí kò sọ́mọ lẹ́nu ẹ̀ ń sun,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń sunkún lábẹ́ búláòsì mi.
Ta ni mo fẹ́ sọ irú ìyẹn fún?
Mo ń fi àkísà há inú kọ́mú lọ síléèwé.
Orí ń fọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi ṣókùnkùn,
ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní Pópó-Ọba, n ò rí i rárá.

Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù l'Ẹ́pẹ́, àárín ẹni méjì ni mo bọ́ sí.
Ọ̀kan ń sáré ìje, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ohun tó ń jẹ ò tó ohun tó ń sá,
ó ní ara òun ti tilẹ̀kùn.
Èkejì bí ìbejì; ẹ̀jẹ̀ ya lọ́jọ́ náà bí omi inú ọkọ̀ tó lu.
Láti ìgbà náà, kò rí wàrà, kò rí nǹkan oṣù,
òtútù ń mú un nínú oòrùn.
"Tìẹ ń jò, tèmi gbẹ," ó wí.
Ẹ̀rín náà ò dénú.

Dókítà Ọ̀nàbàjò ò béèrè ọkọ.
Ó béèrè oògùn tí mo ń lò, ó wo irun àgbọ̀n mi,
ó tẹ ọ̀fun mi bí ẹni ń wá owó nínú àpò.
Ó ní ẹyin obìnrin mìíràn a máa há, kì í já;
ti ẹlòmíràn, ọ̀fun ló ń lọ́ra.
Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì:
"O rí i?" Rárá.
"Báyìí ńkọ́?"
Ó dákẹ́, ó kọ̀wé.
Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ s'Ékòó,
wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó ń kù bí ọlọ.

Èso ẹran kan, nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn imú.
Kò ju hóró àgbàdo lọ.
Hóró àgbàdo!
Òun ló ń parọ́ fún ọmú pé ọmọ ti dé,
òun ló ń sọ fún ilé ọmọ pé kó má palẹ̀ mọ́.
"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ó ní, kí n tó lanu.
Oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ká máa wò ó.

Mo rò ó fún ìyá ọkọ mi, ó ń ha ìpẹ́ èpìyà.
Ọwọ́ ẹ̀ dúró.
"Kí n tó bí Múkáílà," ó ní, "ọdún mẹ́rin ni tèmi fi lọ.
Wọ́n gbé mi káàkiri.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé orí ń fọ́ mi."
Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹja.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Àlejò ò tíì dé.
Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yìí, ní Pópó-Ọba,
ọ̀kadà kan ń bọ̀ lápá òsì,
mo sì rí i.