Iyùn Ààyè

Mofẹ̀yìntolú, ìwọ tí o ra àpótí gíláàsì
kí o tó béèrè ohun tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀,
jókòó. Mo gbọ́ pé ẹja ti wà nínú ọ̀rá lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Ọmọ etí òkun ni mí.
Ní Ayétòrò, omi ló ń jí wa, omi náà ló ń lé wa nílé.
Òkun ti gbé yàrá tí wọ́n bí mi sí lọ.
Èmi náà bu díẹ̀ lára òkun wá sí Kúbúwà;
kí á kúkú pè é ní gbèsè tí mo gbà padà.

Omi ni kọ́kọ́.
Èyí tí Hábù ń fi ọmọlanke tì wá nínú kẹ́ẹ̀gì
dára fún ọbẹ̀, ó dára fún ìwẹ̀,
ṣùgbọ́n iyùn a máa kú sínú rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà.
Sẹ́ ẹ. Tún un sẹ́.
Asẹ́ mẹ́rin ló wà lára ògiri mi;
garawa mẹ́ta ló ń yà sọ́tọ̀ kí ọ̀kan tó mọ́,
mẹ́ta yẹn ni mo fi ń fọ aṣọ.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni iyọ̀ òkun.
Gíráàmù márùndínlógójì nínú lítà kan, kí o wọ̀n ọ́n.
Má fi ahọ́n tọ́ ọ wò bí mo ti ṣe lọ́dún àkọ́kọ́,
ahọ́n ọmọ Ayétòrò pàápàá a máa purọ́.

Bí ọyẹ́ bá dé láti ọ̀nà Kàdúná,
ètè á bó, omi inú gíláàsì á máa fà,
ìka méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.
Gbọ́ mi dáadáa: omi ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ.
Omi tí kò níyọ̀ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.
Ọdún tí bàbá rẹ lọ, mo ń bu iyọ̀ lé iyọ̀.
Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀.

Iná. Háà.
Ẹ̀rọ tó ń da omi rú kò gbọdọ̀ sinmi, ìgbì ni èémí wọn,
iná ìjọba sì ń ṣe bó ṣe wù ú.
Ra bátìrì kí o tó ra ẹja.
Lóru ọjọ́ kan jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò jẹ́;
mo fi ife bu omi, mo dà á padà láti òkè,
mo bu, mo dà, mo bu, mo dà.
Sálámátù aládùúgbò mi wọlé ní aago mẹ́ta,
kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú ife tirẹ̀.
Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, ó lọ kírun,
ó sì padà wá.
Ẹja méje ni wọ́n. Márùn-ún rí ojúmọ́.

Òkúta ni kí o kọ́kọ́ kó síbẹ̀, kí o sì dúró.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Omi tó mọ́ gaara lójú lè jẹ́ májèlé;
àwọn kòkòrò tí ojú kò tó ń kọ́lé lọ́wọ́.
Lẹ́yìn wọn, ìgbín òkun, kí wọ́n máa lá ara gíláàsì.
Lẹ́yìn ìgbín, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn yẹn, méjì, kì í ṣe ọ̀kan.
Má jẹ́ kí ọkùnrin Wúsè yẹn ta aláwọ̀ búlúù fún ọ:
àpótí rẹ kéré, ẹja náà ń fẹ́ ibi tí yóò sá dé.
Á máa lọ, á máa bọ̀, á máa fi imú wọ́ gíláàsì,
mo ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Iyùn ló kẹ́yìn.
Èyí tí ìyá mi fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òkú ni,
egungun tí wọ́n dán.
Tèmi ń la ẹnu lálẹ́.
Ó ń na ọwọ́ tín-ín-rín sí ìgbì tí ẹ̀rọ fi ń tàn án.
Kò mọ̀ mí. Kò mọ Kúbúwà.

Ẹja inú ọ̀rá yẹn ńkọ́?
Gbé e wá kí oòrùn tó mú.
Àyè wà fún un lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Mú ife dání.