Mélòó La Lè Pàdánù?

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Hull,
ìkùukùu odò Humber ti bo ojú fèrèsé.
Pickersgill gbé tíì ka iwájú mi, mílíìkì inú rẹ̀ pọ̀ jù.
Ọ̀gá ń retí ìdáhùn kí ó tó di Mọ́ńdè:
irú ẹ̀dà ìpamọ́ wo ni ká máa ṣe
fún àká orúkọ itẹ́ òkú ìlú?

Ọ̀kẹ́ mẹ́ta orúkọ ni, ó lé díẹ̀.
Apẹja tí òkun dá padà,
ìyá àgbà tó kú sójú oorun,
ọmọ ọjọ́ méjì tí wọn ò tíì sọ lórúkọ,
tí ìwé ń pè ní Ọmọ Hargreave títí di òní.
Olúkúlùkù pẹ̀lú ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ibojì rẹ̀.

"Ẹ máa da gbogbo rẹ̀ kọ lálaalẹ́," ọ̀gá ló wí bẹ́ẹ̀.
Ó dùn létí.
Ẹni tó gbé gbogbo ẹrù ilé
kì í bi ara rẹ̀ pé kí ni mo gbàgbé.
Ṣùgbọ́n wákàtí méje ni yóò gbà,
ilẹ̀ á mọ́ bá wa lẹ́nu ẹ̀,
àwọn tó ń bọ̀ wá sin òkú ní aago mẹ́jọ
á dúró níwájú wa nínú aṣọ dúdú,
kọ̀ǹpútà á máa yí, á máa yí.

Bàbá mi gba àjọ ní Iléṣà.
Ìwé pẹlẹbẹ kan fún ọjọ́ kan:
ẹni tó san lónìí nìkan ló wà nínú tòní.
Ó fúyẹ́, ó yá, ó gba inú àpò àyà.
Ọjọ́ Àìkú kan ló jókòó láti ṣírò,
ó rí i pé òjò ti jẹ ìwé Ọjọ́rú.
Ìwé Ọjọ́bọ̀ wà, ti Ẹtì wà, ti Àbámẹ́ta wà,
wọ́n dà bí ìtàn tí a gé láàárín.
Fadérera aránṣọ búra pé òun san púpọ̀ lọ́jọ́ náà.
Ta ni yóò já a nírọ́?
Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ló fi gbèsè náà lọ.

Lẹ́yìn èyí ló yí ọwọ́ padà.
Lọ́jọọjọ́ Àìkú, ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá.
Lálaalẹ́, ó mú ewé kan ṣoṣo,
ó kọ gbogbo ohun tó yí padà láti ọjọ́ Àìkú,
ó sì ya tàná dànù.
Ewé Mọ́ńdè tẹ́ẹ́rẹ́. Ti Àbámẹ́ta ki,
ọrùn ọwọ́ á máa dun ún.
Ṣùgbọ́n bí ilé bá dàrú, nǹkan méjì péré ni yóò wá:
ìwé ńlá, ewé àná.

Mo ní, "Bí a ó ti ṣe é nìyẹn."
Pickersgill fọwọ́ gbá ife rẹ̀ mú.
"Níbo ni bàbá rẹ ń kó ìwé ńlá náà sí?"
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
"Ewé ńkọ́?"
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà.
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ sùn ní Leeds.

Ó ti wọ kóòtù rẹ̀ tán kí n tó rántí
pé fún ọdún mẹ́ta gbáko
ni àmì àwọ̀ ewé ti ń tàn láràárọ̀: ó ti parí, ó ti parí,
a ò sì dá ọ̀kan padà wò rí.
Mo mú ti oṣù tó kọjá, mo tú u sínú kọ̀ǹpútà òfìfo.
Orúkọ ń wọlé tẹ̀ lé orúkọ,
Abbott, Barraclough, Dunne, Garside.
Ó dé Hall.
Ó dúró.

Mo tẹ Hargreave.
Kò sí nǹkan kan.

Pickersgill wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́,
ó wo aago.
Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga,
ó fa àga kejì sún mọ́ mi.