Iyọ̀ Tí Kò Tíì Yọ́

Ọjọ́ kẹta rèé, lẹ́yìn Tákíé, nínú ọgbà ọmọ kajú,
tí pọ́ǹpù ń tàn, tó ń kú,
tó ń tàn, tó ń kú,
bí ojú tí iyẹ̀pẹ̀ wọ̀.

Mo tú bátìrì wò: ó kún.
Mo tọ wáyà dé òpin: eku kò jẹ ẹ́.
Mo ti ọ̀pá tó ń mọ ọ̀rinrin bọ inú korobá,
ó ní omi ni. Mo nù ún, mo tì í bọ eérú,
ó ní gbígbẹ ni. Kò purọ́.
Kọ̀ǹpútà kékeré inú agolo bisikíìtì ń ṣírò rẹ̀ déédéé.
Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn,
síbẹ̀ ìdajì ọgbà ti di ẹrẹ̀,
ewé sì ń pọ́n bí ojú oníbà.

Bàbá Ládòkun jókòó sórí táyà ògbólógbòó:
“Ṣé ẹni tó tà á fún yín kò rẹ́ yín jẹ?”
Mi ò rà á, Bàbá. Èmi ni mo tò ó.
Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà wúwo ju èébú lọ.

Lóru ni mo rántí àbúrò mi nídìí ààrò ní Màsífà:
ó ju iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tọ́ ọ wò lójú ẹsẹ̀,
kò dùn; ó tún jù ú, ó tún tọ́ ọ wò.
Kí ó tó hó lẹ́ẹ̀mejì, ajá gan-an kò lè lá a.
Ìyá wa ní, “Ahọ́n rẹ kò ṣẹ̀. Iyọ̀ kò ṣẹ̀.
Ìwọ ni o kò jẹ́ kí wọ́n pàdé.”

Ilẹ̀ ń wí fún ọ̀pá, ọ̀pá ń wí fún kọ̀ǹpútà,
kọ̀ǹpútà fún pọ́ǹpù, pọ́ǹpù fún omi,
omi tún padà wí fún ilẹ̀.
Mo ti yẹ yàrá wò lọ́kọ̀ọ̀kan,
n kò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo da ife omi kan sílẹ̀, mo wo aago:
ìṣẹ́jú mọ́kànlá
kí ó tó rìn dé ibi tí ọ̀pá ti ń gbọ́.
Mo kọ ìlà kan ṣoṣo kún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: dúró.

Pọ́ǹpù dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Inú mi ń dùn lọ, àfi bí mo ṣe gbọ́ ṣàà, ṣàà:
Bàbá Ládòkun rò pé ó ti kú,
ó ti gbé kéènì, ó ń bomi rin kajú rẹ̀,
lórí ọ̀pá mi gan-an.

Nínú gbogbo ohun tí mo yà sórí ìwé,
n kò ya bàbá.