Pọ́ǹpù Omi

Ọkọ̀ náà hó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìtòkò,
ó hó bí ìkòkò ẹ̀wà tí a gbàgbé sórí iná.
Èéfín funfun bo gíláàsì, mi ò rí ọ̀nà mọ́.
Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn
(òkúta kì í wọ́n wa ní Abẹ́òkúta),
mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń retí Súnmọ́nù.

Ó dé, ó fi àkísà ṣí rédíétọ̀, ó mi orí.
"Ìyá Bùsọ́lá, pọ́ǹpù omi ló kú.
Ó ti ń sunkún láti ọjọ́ yìí, ẹ ò gbọ́ ni?"
Mo gbọ́.
Mo rò pé ẹyẹ ni.

Pijó yìí, Ṣówẹ̀mímọ́ rà á lọ́dún tí a bí Bùsọ́lá.
Owó ẹ̀yáwó rélùwéè ni,
ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀,
ọdún mẹ́fà tí a fi jẹ gààrí láìsí ṣúgà,
tí a sì ń gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Láfẹ́nwá, Ìféányì, ọmọ Ǹnéwì tó gbọ́ Ẹ̀gbá jù wá lọ,
kó pọ́ǹpù méjì síwájú mi.
Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, òróró dúdú ṣì wà lára rẹ̀,
kìnnìún kan fẹsẹ̀ méjì dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti parẹ́.
"Ojúlówó, Màmá. Ẹ gbé e wò, ó wúwo."
Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.
Èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá, nínú páálí,
ó ń dán bíi bàtà ọdún ọmọdé.
Ṣáínà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.

Ojúlówó.
Ojú lówó lóòótọ́,
àpò ni kò lówó.

Mo wo Súnmọ́nù. Súnmọ́nù wo ilẹ̀.
"Èyí tó jẹ́ ojúlówó, kò sẹ́ni tó mọ iye omi tó ti gbé kọjá
nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.
Tuntun yìí, ó lè lo ọdún méjì,
ó sì lè má rí ọ̀sẹ̀ kẹta.
Ẹ̀yin lẹ lowó."

Tóbilọ́ba ọmọṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín:
"Kí ló kù lára ọkọ̀ yìí tó jẹ́ ojúlówó?"

Mo bínú. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.
Ẹ́ńjìnnì, a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tí baba wọn fẹ̀yìn tì.
Ilẹ̀kùn ọ̀tún, àwọ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀.
Iná iwájú kan ń wo ọ̀nà, èkejì ń wo ọ̀run.
Ohun tó kù:
ojú ibi méjì tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ họ dán lára sítíárìn,
àti ihò tí sígá jó sára ìjókòó
lọ́dún tó búra fún mi pé òun ti jáwọ́.

Èmi náà ńkọ́?
Eyín iwájú mi méjì, Ìdí-Àbà ni wọ́n ti fi í sí i,
n ò mọ ẹni tó rọ ọ́.
Mo ń fi jẹ ẹran, mo ń fi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.
Bí a ò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.
Ṣùgbọ́n ta ló ti bi òòbẹ̀ léèrè rí?

Mo san ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Ojú tì mí díẹ̀ níwájú kìnnìún yẹn.

Oṣù kẹta rèé.
Pọ́ǹpù àtijọ́ wà lójú fèrèsé mi,
ó ń di ìwé owó iná mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.
Lánàá, ní Òkè-Ìtòkò,
mo gbọ́ ohùn tíńrín kan.
Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ orí síta.
Ẹyẹ ni.