Apá Irin

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù,
àwa mẹ́rìndínlógún la ń gbé àpò.
Wọ́n ṣẹ́ wa kù sí méjì.
Èmi kò sí nínú àwọn méjì náà.
Orí mi ti funfun kí n tó hewú,
eruku ló kọ́kọ́ kùn mí.

Ọnàfọwọ́kàn, tí bàbá mi sọ lórúkọ, ní,
"Bàámi, Amẹ́ríkà ni mò ń lọ.
Níbẹ̀, ọwọ́ ẹni ní í sọ ẹni di èèyàn."
A ta oko obì ọ̀nà Ìpẹru, igi mọ́kànlélógójì:
ìyá rẹ̀ ń ka igi,
ẹni tó rà á ń ka owó.

Ọdún kẹta, ó fi fídíò ránṣẹ́.
Ilé-iṣẹ́ mọ́tò. Àwọn apá irin ń jó irin mọ́ irin,
ẹ̀ta iná ń fọ́n ká, kò sí ẹni tó ń làágùn.
Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn
bí ẹni tó wá kí aláìsàn.
"Kí n máa wò ó niṣẹ́ mi.
Tó bá ṣàṣìṣe, kí n tẹ bọ́tìnnì pupa."
Mo ní, ṣé ó máa ń ṣàṣìṣe?
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti ń dín kù, Bàámi."

Owó ń wọlé, n kò ní purọ́.
A ti pààrọ̀ páànù yàrá ẹ̀yìn.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ta jí lóru,
àtẹ́lẹwọ́ mi á ti ká kò
bí ẹni tó di etí àpò mú,
tó ń wá ẹni tí yóò gbé e rù ú.