Igi Lórí Èjìká

Aago mẹ́ta òru ti kọjá ní Gwagwalada.
Ọyẹ́ gba ojú fèrèsé tí kò pa dé wọlé,
ó gbẹ ètè àwọn aláìsàn, ó gbẹ tèmi mọ́ ọn.
Mo ti fún ẹni mẹ́tàdínlógún lómi mu,
èmi fúnra mi ò fẹnu kan nǹkan láti ìrọ̀lẹ́.
Ìtọ̀ tí mo mú mọ́ra láti aago mẹ́wàá
ń bẹ̀ mí bí ọmọ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.
"Nọ́ọ̀sì!" Bẹ́ẹ̀dì kẹrin nìyẹn.
"Sísítà!" Bẹ́ẹ̀dì kọkànlá.
Mo ní mò ń bọ̀.
Ìtọ̀ náà ní, ó dáa, mo gbọ́.

Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà funfun tí mo rà ní Zuba
ti di bàtà ẹlòmíràn.
Mo wọn ìfúnpá gbogbo wọ́ọ̀dù,
mo fi bírò pupa kọ èyí tó ga.
Ẹ̀rọ yẹn ò mọ apá tèmi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó lọ, mo kírun àsùbáà
nínú yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí.
Mo gbàgbé iye rákáà tí mo ti ṣe.
Méjì péré mà ni!
Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún gbàgbé.
Mo forí kanlẹ̀, oorun gbé mi lọ níbẹ̀.
Bílíkísù tó ń gbálẹ̀ ló fọwọ́ kàn mí, ẹ̀rù ti bà á.
Ó ní àdúrà mi mà gùn o.
N ò sọ fún un pé n ò bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan,
àfi tí Ó bá ń ka ìhanrun sí ọ̀rọ̀.

Lóru òní, ẹni tí ń bá wa gbẹ́rù ò wá.
Mo gbé páálí dírípù karí láti sítọ́ọ̀,
pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀:
owó ilé-ìwé àbúrò mi,
ìwé tí ọ̀gá kọ pé kí n wá ṣàlàyé ara mi,
àti ìyá ọmọ tó kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tó bi mí léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé
kí ni kóun wá fi ọmú tó kún yìí ṣe.

Ìyá Asabe, tó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
obìnrin Gbagyi, àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi,
dìde, ó gba páálí náà kúrò lórí mi.
"Haba! Nílé wa, a kì í gbérù lé orí.
Orí ló ń mọ ọ̀nà ilé.
Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni tìrẹ ni?"
Ó gbé e lé èjìká, bí ẹni gbé igi ìdáná,
ó sì ń lọ níwájú mi.

Ojú tì mí.
Èmi tí ìyá mi ní Pàkátà ń fọwọ́ pa lórí láràárọ̀,
tó ń kì í, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn,
mo ti sọ orí ọ̀hún di òṣùká fún gbogbo ayé.

"Ìyá, èjìká náà ò wá ń dùn yín?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ kúrò lọ́rùn,
ó fi kókó kan hàn mí, ó le, ó dúdú, ó tóbi bí ẹyin àparò.
"Ó ń dùn mí. Ìdí tí a fi ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ nìyẹn."

Mo lọ tọ̀.
Mo mu omi, ife méjì, ní ìjókòó.
Mo de ẹ̀rọ mọ́ apá ara mi;
n ò ní sọ iye tó kọ fún yín,
ṣùgbọ́n bírò pupa ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì kọkànlá tún ké,
mo yíjú sí Nanpon, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru láti ọdún méjì,
tí n ò bẹ̀ níṣẹ́ rí.
Mo ní, "Bá mi pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́."
Kò yé e.
Ó ṣáà dìde.