Ojú Kan Là, Ojú Kan Kọ̀

Ẹgbẹ̀rin dọ́là ni mo san,
owó tí ẹlòmíràn ń kó lé táyà yìnyín mẹ́rin ní Winnipeg,
ni mo fi di ọlọ́kọ̀ eré sísá.
Màsídà kékeré, ó pupa nígbà kan rí,
àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.
Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sẹ́yìn ilé Màmá Hrynchuk,
lábẹ́ tapólì, lábẹ́ yìnyín,
láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Àtóókẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.
Ó ka ìjókòó: ení, èjì.
Ó ka àwa: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Ó ní, “Bàbá Ìbídàpọ̀, nínú wa, àwọn wo lẹ fẹ́ fi sílẹ̀?”
Mi ò fèsì. Mo ń wá sípánà méjìlá.

Eku ti kọ́lé sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì.
Ìwé ni wọ́n fi tẹ́ ibùsùn, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́.
Mo tú u wò: ìdajì nọ́ńbà, orúkọ oṣù kan,
“epo tuntun”, pẹ̀lú gègé aláwọ̀ búlúù,
ọwọ́ Stefan, ó rọra kọ ọ́ bí ẹni tó ń bọ̀ wá kà á.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn,
àtàǹpàkò wọlé ṣinrin,
bí ìgbà tí mo bá tẹ búrẹ́dì tí kò jiná níbi iṣẹ́ òru mi.
Irin dógùn-ún. Kò sí oògùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan,
òógùn ara mi ni mo ń kán sí i,
èmi tí ogún mi nílé kò ju kẹ̀kẹ́ ológeere kan lọ,
tí wọ́n ti tà kí ìwé ìrìnnà mi tó jáde,
tí wọ́n ti sin ẹni tó ń gùn ún pẹ̀lú,
tí mo wo ilẹ̀ sàréè lójú fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.

Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Bóòtì kan wà tí kò tú.
Sátidé mẹ́ta gbáko, bóòtì kan ṣoṣo.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo fi epo ra á lórí, mo fi iná jó o nídìí.
Ìbídàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì,
ní, “Dádì, ṣé apá ibi tó yẹ lẹ ń yí i sí?”
Gáréèjì pa lọ́lọ́.
Ẹ̀yin náà, ẹ má bi mí.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú Oṣù Karùn-ún, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán,
mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ó húkọ́. Mo tún un yí.
Ó tu èéfín dúdú sára ògiri tí Àtóókẹ́ kùn lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.
Mo tẹ bọ́tìnnì iná:
ojú ọ̀tún yọ sókè, ojú òsì kọ̀,
ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó mọ àṣírí tí mi ò mọ̀.

Màmá Hrynchuk gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọlé tòun ti sálúbàtà.
Kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó,
ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó láìwò ó,
ó fa irin kan, ìjókòó sún síwájú.
Ọwọ́ kò tíì gbàgbé.

A yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mejì.
Gbólóhùn kan ló sọ, níbi àmì ìdúró tó wà ní ìkóríta:
“Stefan kì í dúró níbí.”
Èmi dúró.
Ọlọ́pàá kì í jìnnà sádùúgbò wa,
àwọ̀ mi sì yàtọ̀ sí ti Stefan.

Nígbà tá a darí dé, Àtóókẹ́ wà lójú fèrèsé,
mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì:
ení, èjì.

Epo ṣì ń kán. Mo gbé páànù búrẹ́dì sábẹ́ rẹ̀.
Mọ́tò ojú òsì ṣì wà lọ́nà, láti Calgary,
ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí.